Naloxone: èyí tí wọ́n ń fín símú ni àbí abẹ́rẹ́, kẹ́míìsì ni àbí ẹgbẹ́ àdúgbò? Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń béèrè jù lórí naloxone, oògùn tí wọ́n fi ń gba ẹni tí oògùn bíi heroin ti pọ̀ jù lára ẹ̀ là, ni pé "èwo ló lágbára jù?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹni tí oògùn ti pọ̀ jù lára ẹ̀ ò lè fín nǹkan kan sínú imú ara ẹ̀, kò lè gún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ mọ ibi tó wà mọ́, torí náà kì í ṣe òun gan-an lẹ ń yan naloxone fún, ẹni tó máa wà nítòsí ẹ̀ lẹ ń yàn án fún: ìyàwó ẹ̀, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé, màmá ẹ̀ tí ò fọwọ́ kan sírínjì rí láyé ẹ̀. Èyí tọ́wọ́ onítọ̀hún lè tètè bà, tí ò sì ní bà á lẹ́rù láti lò, òun ló dáa jù. Ibẹ̀ ni màá ti máa sọ̀rọ̀ títí dé ìsàlẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ: morphine, codeine, heroin, fentanyl, methadone, tramadol, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, opioid là ń pè wọ́n, tí wọ́n bá sì ti pọ̀ jù lára, ńṣe ni ọpọlọ á gbàgbé láti máa mí. Àìmí yẹn ló ń pààyàn. Ohun tí naloxone ń ṣe ni pé á lọ lé opioid dìde lórí àga tó jókòó sí nínú ọpọlọ, á jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í mí padà. Kì í ṣe oògùn àná o, ọdún 1961 ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ ẹni tó ṣe é, 1971 sì ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i káwọn dókítà máa lò ó. Kì í mú kéèyàn yó bí ọtí, kì í di bárakú, ẹni tí ò lo opioid rárá tí wọ́n bá ṣèèṣì fún, kò ní ṣe é ní jàǹbá. Àmọ́ kò lè lé ọtí kúrò lára o, kò lè lé oògùn oorun bíi diazepam, kò lè lé xylazine tí wọ́n fi ń mú ẹran sùn. Tramadol náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó máa ń fa gìrì, naloxone ò sì wo gìrì, kódà kì í ká gbogbo iṣẹ́ tramadol kúrò lára tán. Síbẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tẹ́ni náà lò, ẹ fún un ṣá. Àwọn èèyàn sábà máa ń po oògùn pọ̀, tí opioid bá wà nínú ẹ̀, ẹ ti yọ ọ̀kan kúrò nínú ohun tó ń dí i léèémí nìyẹn.

Ti imú àti ti abẹ́rẹ́

Ti imú ló pọ̀ níta jù báyìí. Èyí tórúkọ ẹ̀ tàn jù ni Narcan, 4 mílígíráàmù ló wà nínú ẹ̀, ọdún 2015 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Yúróòpù sì ní Nyxoid tiwọn tó jẹ́ 1.8 mílígíráàmù. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ò le rárá: ẹ máa ya páálí ẹ̀, ẹ gbé àtàǹpàkò sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń tẹ̀, ìka méjì á wà lọ́tùn-ún lósì ẹnu ike tí oògùn ń gbà jáde, ẹ fọwọ́ kejì gbé ọrùn ẹni náà kí orí ẹ̀ lè dà sẹ́yìn, ẹ ki ẹnu ike yẹn bọ ihò imú kan títí ìka yín á fi kan imú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ dópin. Ó tán. Onítọ̀hún ò ní láti fà á símú fúnra ẹ̀, tí ò bá tiẹ̀ mí rárá oògùn yẹn á wọ ara imú lọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tú jáde, kò sí pé ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú afẹ́fẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ti dà á nù nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ wa máa ń yá sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ti abẹ́rẹ́, ìgò kékeré kan báyìí ni, 0.4 mílígíráàmù nínú 1 mílílítà, pẹ̀lú sírínjì àti abẹ́rẹ́ tó gùn tó láti dé inú ẹran. Ẹ máa ṣí ìdérí oníke tó wà lórí ìgò, ẹ gún abẹ́rẹ́ gba inú rọ́bà, ẹ dojú ìgò délẹ̀, ẹ rí i pé orí abẹ́rẹ́ wà nínú omi oògùn kì í ṣe nínú afẹ́fẹ́, ẹ fa gbogbo ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ gún un tààrà sí ẹ̀gbẹ́ itan tàbí èjìká, ó lè gba orí aṣọ kọjá, kò pọn dandan kẹ́ ẹ bọ́ ṣòkòtò ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá kà á báyìí ó dà bíi pé ó gùn, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ti fi hàn lẹ́ẹ̀kan tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, kì í pẹ́ kó tó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni aago méjì òru, iná ò tó, ọwọ́ ń gbọ̀n, ọmọ ń ké, ẹ sì ń wá ihò tí abẹ́rẹ́ máa gbà.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń yára sí, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ, bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta fún ti imú, ti abẹ́rẹ́ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ó lè tó márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí ìyàtọ̀ 0.4 sí 4 yẹn dẹ́rù bà yín, pé ti abẹ́rẹ́ wá kéré ni, torí nǹkan bí ìdajì péré nínú èyí tẹ́ ẹ fín símú ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀, 0.4 tó sì gba inú ẹran wọlé ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dìde láti ọjọ́ pípẹ́. Àjọ WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, náà sọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014 pé ti imú dáa, ti inú ẹran dáa, ti abẹ́ awọ dáa, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ nígbà tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ló yẹ kó lè rí naloxone gbà, kì í ṣe dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan.

Abẹ́rẹ́ wá ní ohun méjì tó fi ju ti imú lọ. Àkọ́kọ́, owó ẹ̀ kéré sí ti imú gan-an, owó tí ẹgbẹ́ kan máa fi ra ti imú fún èèyàn díẹ̀, wọ́n lè fi ra ìgò fún èèyàn púpọ̀. Ìkejì, ẹ lè fún un díẹ̀díẹ̀: ìgò kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, tí kò bá tíì mí, ẹ fún un ní ìkejì. Wọ́n tiẹ̀ ní ọ̀kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Prenoxad, oògùn ti wà nínú sírínjì ẹ̀ tẹ́lẹ̀, dóòsì márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì fàlà sára ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ràn èyí yẹn gan-an, torí ó bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì. Bákan náà, tí imú bá kún fún ẹ̀jẹ̀ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ti imú lè má wọlé dáadáa, èyí ò kan abẹ́rẹ́.

Ohun tí ti imú fi ju abẹ́rẹ́ lọ náà wà o: kò sí abẹ́rẹ́ tó lè gún ẹlòmíì, kò sí sírínjì tí ọlọ́pàá máa rí nínú báàgì yín kó máa bi yín ní ìbéèrè rẹpẹtẹ (láwọn ibì kan ìyẹn nìkan ti tó kéèyàn fi í sílé), ẹni tí ò kọ́ ọ rí náà lè ka àwòrán ẹ̀yìn páálí kó sì ṣe é. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ kan rí tó máa ń sọ̀rọ̀, Evzio, tẹ́ ẹ bá ṣí i á máa sọ fún yín pé ẹ ṣe báyìí ẹ ṣe báyìí, nǹkan àrà gbáà ni, 2014 ni wọ́n fọwọ́ sí i, owó tí wọ́n wá bù lé e kì í ṣe kékeré, ní 2020 wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ẹ̀rọ tó gbọ́n tí èèyàn ò lè rà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

4 ni àbí 8?

Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn èèyàn jiyàn jù. Ní 2021 wọ́n gbé ti imú tó jẹ́ 8 mílígíráàmù jáde, Kloxxado, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń polówó irú ẹ̀ ni pé fentanyl ti lágbára jù, torí náà naloxone tó lágbára jù ló yẹ ká wá. Lójú, ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ New York dán an wò lójú pópó gan-an, àwọn kan mú 4 dání, àwọn kan mú 8, CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ẹ̀ jáde ní February 2024: àwọn tó yè nínú àwọn méjèèjì ò yàtọ̀ síra, iye dóòsì tí wọ́n lò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan náà ò yàtọ̀, ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tí wọ́n fún ní 8 ni ìyà àìrí-oògùn-lò jẹ jù, wọ́n ń bì ju àwọn tó kù lọ.

Ẹ lè sọ pé èébì kẹ̀, ṣebí ó wà láàyè. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ gbọ́ mi ná. Ẹni tó ti ń lo opioid lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá lé gbogbo ẹ̀ kúrò lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ńṣe ni gbogbo ara á máa ro ó, á máa làágùn, á máa gbọ̀n, inú á máa yí i, inú á sì bí i, ohun tó máa wà lọ́kàn ẹ̀ ni bó ṣe máa tún wá òmíì lò kára lè tù ú. Naloxone ò sì pẹ́ lára, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ààbọ̀ ó ti ń kúrò, tí onítọ̀hún bá ti jáde lọ lo òmíì, ẹ wo ewu. Ẹlòmíì tí irú ìyà yẹn bá ti jẹ rí, á sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé "ẹ má fún mi ní nǹkan yẹn mọ́ láé." Ohun tá a fẹ́ ni kó mí, a ò sọ pé kó fò dìde kó máa jó. Nítorí náà 4 tó, 3 tó (ọ̀kan wà tó ń jẹ́ RiVive), tí àkọ́kọ́ ò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fún un ní ìkejì sí ihò imú kejì.

Nalmefene ńkọ́, Opvee yẹn? May 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí ti imú ẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lára ju naloxone lọ fíìfíì, bíi wákàtí mọ́kànlá kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti naloxone sì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí méjì. Wọ́n ń polówó pípẹ́ yẹn bíi àǹfààní, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, torí tí ìyà àìrí-oògùn-lò yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i àfi kẹ́ ẹ dúró tì í. Lọ́dún 2023 yẹn náà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímọ̀ májèlé ní Amẹ́ríkà jáde sọ pé kò yẹ kó rọ́pò naloxone gẹ́gẹ́ bí ohun téèyàn máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́nì kan ń kú lọ, ẹ fín in sí i nímú kíá, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, 8 náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá ní àǹfààní láti yàn, ẹ má yan ìyẹn.

Ibo lẹ ti máa gbà á?

Kẹ́míìsì rọrùn láti rí, ó sì ní ẹni tó mọ oògùn tẹ́ ẹ lè bi ní ìbéèrè. Ítálì ti ń tà á láìsí ìwé dókítà láti ọ̀rúndún tó kọjá, Kánádà àti Ọsirélíà gbà bẹ́ẹ̀ ní 2016, Amẹ́ríkà ní March 2023. Àmọ́ kí òfin gbà á láyè ọ̀tọ̀, kó wà lórí pẹpẹ ọ̀tọ̀. Ibòmíì wọ́n á tì í mọ́nú àpótí, ẹ máa ní láti bèèrè, ẹni tó wà lẹ́yìn yín lórí ìlà á máa gbọ́, ọmọ ìtajà á gbójú sókè wò yín. Ẹni tó ń ra á sílé torí ìyá ẹ̀ tó ń lo oògùn ìrora lè fara da ìyẹn, ẹni tó ń lo heroin fúnra ẹ̀ ò ní dúró, á yí padà ni. Owó náà tún wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ dókítà dáa fún ẹni tó ti ń gba oògùn ìrora lọ́dọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè kọ méjèèjì pọ̀ fún un, láwọn ìlú kan ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò á sì san án. Kò ní ohun púpọ̀ mìíràn tó fi dáa. Ẹni tí ò ní dókítà, tàbí tí ò fẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ oògùn sínú fáìlì ẹ̀, ọ̀nà yìí ò sí fún un.

Ẹgbẹ́ àdúgbò ni tèmi. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń rí wọn bí àwọn tó ń ti ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn láti lo oògùn olóró, ọ̀pọ̀ ìwádìí ò sì gbè àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ yìí gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: ní 1996 ni Chicago Recovery Alliance ti ń fún àwọn tó ń lo oògùn ní naloxone kí wọ́n máa mú un lọ sílé, nígbà tọ́pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé ọwọ́ dókítà nìkan ló yẹ kó wà. Nígbà tí wọ́n ka iye tí irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1996 sí June 2014, wọ́n ti fún èèyàn 152,283, ìròyìn tó sì padà dé ọ̀dọ̀ wọn ni pé wọ́n ti fi gbé èèyàn dìde nígbà 26,463. Ẹ wá wo àwọn tó lò ó: bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá jẹ́ àwọn tó ń lo oògùn fúnra wọn. Àwọn tí wọ́n wà nínú yàrá kan náà. Skọ́tílándì rí èyí, wọ́n sọ ọ́ di ètò gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2011, wọ́n tiẹ̀ ń fún àwọn tó ń jáde lẹ́wọ̀n, Ọsirélíà náà sì ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà láti July 2022.

Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í béèrè orúkọ yín, ẹni tó máa kọ́ yín ti lò ó fún èèyàn rí, tẹ́ ẹ bá sì ti lo tiyín tán ẹ padà wá gba òmíì, kò sẹ́ni tó máa bú yín pé ẹ tún ti dé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ibi tí wọ́n kù sí ni pé wọn kì í ṣí lójoojúmọ́, ìlú míì kò tiẹ̀ ní kankan, àwọn míì sì jẹ́ pé ìgò àti sírínjì nìkan ni wọ́n ní.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọjà já bọ́, àti àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, àwọn yẹn dáa fún òru àti fẹ́ni tójú ń tì, àmọ́ wọn kì í kọ́ èèyàn, wọ́n sì lè ṣófo kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Tí wọ́n bá máa fi ránṣẹ́ sílé yín, ó dáa fẹ́ni tó jìnnà sí ìlú, ó kàn máa pẹ́ díẹ̀ lọ́nà ni.

Ẹlòmíì á ní kí ni wàhálà, ṣebí áńbúláǹsì àtọlọ́pàá ń mú un dání láwọn ibì kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tí ò rí afẹ́fẹ́ kì í dúró de siren, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló ní.

Tó bá ti wà lọ́wọ́ yín

Àmì tẹ́ ẹ máa wò: ẹ pè é kò dáhùn, ẹ fi ìkúùkù ha eegun àyà ẹ̀ kò mira, mímí ẹ̀ fà tàbí kò sí, ó ń han-un bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun, ọmọlójú ẹ̀ kéré tíntín. Ìwé tó pọ̀ níta á ní ètè á di búlúù, lára aláwọ̀ dúdú ẹ lè má rí búlúù kankan, ńṣe ni ètè á máa rí bí eérú, ẹ wo inú ètè àti èékánná ẹ̀. Ẹ pe áńbúláǹsì, ẹ fún un ní naloxone, kẹ́ ẹ máa mí sí i lẹ́nu, ẹ gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè, ẹ di imú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún. Tó bá ti ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan gbé e lélẹ̀ kí èébì má bàa fún un lọ́rùn, ẹ má sì fi í sílẹ̀, torí oògùn yẹn lè tán lára ẹ̀ kí opioid tó tán.

Kẹ́ ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn, 25°C sísàlẹ̀ ló fẹ́, Narcan lè fara da títí dé 40°C fúngbà díẹ̀, kó má sì di yìnyín. Tó bá jẹ́ èyí tí déètì ẹ̀ ti kọjá nìkan lẹ ní, ẹ lò ó, ó sàn ju kí ọwọ́ ṣófo lọ.

Èwo wá ni tiyín?

Ilé tí àgbàlagbà ti ń lo oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tọ́mọdé sì wà níbẹ̀: ti imú, 3 tàbí 4, lọ́dọ̀ dókítà tàbí kẹ́míìsì, ẹ fi síbi tí gbogbo ará ilé mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà ẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀ o, torí naloxone á dá gbogbo ìrora yẹn padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tó ń lo oògùn tí wọ́n sì jọ ń wà pọ̀: ìgò àti sírínjì lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, kó pọ̀ dáadáa, pẹ̀lú ti imú kan fẹ́ni tí ò lè gún abẹ́rẹ́ láàárín yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá nìkan lò ó nínú yàrá tó tì pa.

Ẹni tó ń jáde lẹ́wọ̀n tàbí nílé ìtọ́jú: èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ara ẹ̀ ti gbàgbé oògùn, iye tó máa ń lò tẹ́lẹ̀ lè pa á báyìí, ẹ má sọ fún un pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá gba èyí tó dáa jù.

Ilé ìwé, ilé ìkàwé, ilé fàájì, gbọ̀ngàn àdúgbò: ti imú, ó kéré tán méjì, nínú àpótí tí ò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ yan ẹnì kan pàtó tó máa máa wo déètì ẹ̀ lóṣooṣù, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sára àpótí náà, torí iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ní "gbogbo wa la máa máa ṣe é", kò sẹ́ni tó máa ṣe é.